Kì í ṣe iṣẹ́ ló ń pa òṣìṣẹ́ Ajah, ẹrù tí kò ríbi sọ̀ ni

Èkó ò gba gbẹ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni. Ohun tí wọn ò fi kún un ni iye tí ara ọmọ èèyàn ń san lórí ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó lọ dúró sábẹ́ bíríìjì Ajah láago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Mọ́ńdè. Ilẹ̀ ò tíì mọ́, ṣùgbọ́n èrò ti kún ibẹ̀ bí ẹni pé ọjọ́ ọjà ni. Àwọn tó ń ti Badore bọ̀, àwọn ará Langbasa, àwọn ará Ado àti Ṣàngótẹ̀dó, gbogbo wọn ni wọ́n ń na ọrùn wá dáńfó tó ń lọ sí Obaléndé àti C.M.S. Ọ̀pọ̀ wọn ti jí látaago mẹ́ta ààbọ̀ òru. Ẹ wojú wọn dáadáa, agbára káká lẹ fi máa rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Bí kọ́ńdọ́kítọ̀ bá sì lóun ò ní ṣéńjì, ìjà dé nìyẹn, àfi bí ẹni pé wọ́n ti ń wá ẹni tí wọ́n máa bá jà látàná.

Másùnmáwo ni Yorùbá ń pe ohun tó ń ṣe wọ́n. Àwọn mìíràn ń pè é ní pákáǹleke, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní sìtírẹ́ẹ̀sì ni. Èyí tó wù kí wọ́n pè é, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé iṣẹ́ àṣejù ló ń fà á, pé bí èèyàn bá ti sùn wọra lọ́jọ́ Sátidé, tó tún fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó bùṣe. Àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ọ̀lẹ ni wọ́n máa ń pe ẹni tó bá ń ráhùn. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó roko látàárọ̀ dalẹ́ lè sùn fọnfọn, kí ẹni tó jókòó sínú ọ́fíìsì tí éésì ń fẹ́ sí i lára má rí oorun sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìwọ̀n ẹrù nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ ọ̀hún wà. Ṣé ẹlẹ́rù lẹ́nu nínú ẹrù tí wọ́n ń gbé lé e lórí? Ṣé ó ríbi sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ná. Lọ́dún 1915, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì Harvard l'Amẹ́ríkà, Walter Cannon, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ pé bí ẹ̀rù bá ba ẹ̀dá, tàbí tínú bí i, ara rẹ̀ á múra ìjà tàbí eré sísá. Omi ara kan tó ń jẹ́ adirẹnálíìnì á tú sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kìkì, èémí á yá, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sí iṣan apá àti ẹsẹ̀, ikùn á dáwọ́ oúnjẹ dídà dúró ná. Òmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní kọ́tísọ́ọ̀lù, òun ló ń rí i pé ṣúgà tí ara máa fi ṣagbára wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ètò tó dáa gan-an ni. Ọdẹ tó pàdé ẹfọ̀n nínú igbó nílò gbogbo ẹ̀. Bó bá ti pa ẹfọ̀n, tàbí tó ti ráyè sá gun igi, ara á rọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ibi tí wàhálà wà ni pé ara ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹfọ̀n àti onílé tó ń bèèrè owó ọdún méjì. Ẹfọ̀n a máa bá tiẹ̀ lọ. Onílé, ọ̀gá ibi iṣẹ́ àti sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kì í lọ síbì kankan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bẹ níbẹ̀, ojoojúmọ́ lara sì ń múra ìjà tí kò ní í jà.

Ọkùnrin kan tún wà tó ń jẹ́ Hans Selye. Vienna ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n yunifásítì McGill ní Montreal, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní 1936, ó gbé àbájáde ìwádìí tó fi eku ṣe jáde. Ìbáà jẹ́ òtútù ló fi jẹ àwọn eku náà níyà, ìbáà jẹ́ ọgbẹ́, ìbáà jẹ́ eré àsápajúdé, ohun kan náà ló ń rí nínú wọn: ikùn wọn á dá egbò, àwọn ẹ̀yà ara tó ń bá àìsàn jà á sì máa súnkì. Selye ní ìpele mẹ́ta ni. Èkíní ni ìdágìrì. Èkejì ni ìfaradà, níbi tó ti máa dà bíi pé ìyà náà ti mọ́ ara. Ẹ̀kẹta ni kí agbára tán pátápátá. Nígbà tó yá ló wá mú ọ̀rọ̀ táwọn ẹnjiníà ń lò fún ìnira tí ẹrù ń kó bá irin, ló fi pe ohun tó rí lára eku. Inú ìpele kejì yẹn ni ẹ̀tàn wà, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ ará Ajah wà. Ẹ bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní, "Ó ti mọ́ wa lára." Irin bíríìjì náà kì í sọ fún mọ́tò pé ó ti rẹ òun. Ọjọ́ tó bá máa já laráyé ń mọ̀.

Ẹ fojú inú wo obìnrin kan, kí ẹ máa pè é ní Ìyá Ìbejì. Irú ẹ̀ pọ̀ lágbègbè yẹn débi pé kò nílò orúkọ mìíràn. Badore ló ń gbé, ọ́fíìsì kan ní Marina ló ti ń ṣírò owó. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ń wọlé iṣẹ́, ṣùgbọ́n bó bá kúrò nílé láago mẹ́fà, ó lè má débẹ̀ títí aago mẹ́sàn-án. Nítorí náà, aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jáde. Ó ti se oúnjẹ, ó ti di ti àwọn ọmọ sínú kúlà, ó ti kó wọn sọ́dọ̀ Màmá tó ń gbé ilé kejì, òun ló máa bá a mú wọn lọ síléèwé. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ló ti dé Marina, á wá gbórí lé tábìlì, á sun oorun tí kò dé ilé rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, aago márùn-ún ni wọ́n ń jáde, aago mẹ́wàá ló sì máa ń kù díẹ̀ kó tó kan ilẹ̀kùn.

"O káàbọ̀ o," ọkọ á ní. "Àwọn ọmọ ti sùn. Wọ́n bèèrè ẹ títí."

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá mi sọ̀rọ̀ ná."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ló fẹsẹ̀ gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ gbàgbé sójú ọ̀nà, ló bá figbe bọnu. Àwọn ọmọ jí, wọ́n ń sunkún. Ọkọ náà gbaná jẹ, ó ní ṣé òun lòun kó sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ sọ́nà ni. Ilé dàrú. Nígbà tó yá, Ìyá Ìbejì lọ ti ara ẹ̀ mọ́ balùwẹ̀, ó bú sẹ́kún, kò sì lè sọ ohun tó ń pa òun lẹ́kún gan-an. Bó bá ṣe pé wọ́n bi í, ó lè ní bọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Bí ìyà ńlá bá gbé ni ṣánlẹ̀, kékeré a máa gorí ẹni.

Àmọ́ ṣé iṣẹ́ owó ṣíṣírò ló ń pa á? Rárá o. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Láti Ajah dé Victoria Island ò ju nǹkan bí ogún kìlómítà lọ. Ká ní wákàtí méjì ni lójoojúmọ́, tó sì mọ̀ pé wákàtí méjì ni, ara rẹ̀ ì bá ti mọ bó ṣe máa tò ó. Kò mọ̀. Lónìí, ìṣẹ́jú àádọ́ta. Lọ́la, wákàtí mẹ́ta, nítorí pé òjò rọ̀ tí omi gbalẹ̀ ní Jakande, tàbí tírélà kan dánù ní Chevron. Tẹ́lẹ̀, bọ́nà bá dí, ó lè fò sórí ọ̀kadà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 nìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà, ara mẹ́fà tọ́rọ̀ ọ̀hún kàn lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n sì kéde lóṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo bẹntiróòlù tí kò tó igba náírà lítà kan di 488 náírà l'Ékòó láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kò sẹ́ni tó bi Ìyá Ìbejì léèrè kí wọ́n tó ṣe èyíkéyìí nínú ẹ̀. Òun kàn jí láàárọ̀ ni, ó bá a bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé àròyé lásán nìyẹn, kó gbọ́ ohun tí David Glass àti Jerome Singer, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá méjì l'Amẹ́ríkà, ṣe. Ìwé tí wọ́n kọ lórí ẹ̀ jáde ní 1972, pákáǹleke ará ìlú ńlá ni wọ́n sì gbé yẹ̀wò. Wọ́n fi ariwo di àwọn èèyàn létí níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Fún àwọn kan, ariwo náà ní àkókò tó ń dé. Fún àwọn mìíràn, ìgbà tó bá wù ú ló ń bú jáde. Wọ́n tún fún àwọn kan ní bọ́tìnnì, wọ́n ní bó bá sú wọn, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ariwo á dúró, ṣùgbọ́n àwọn á fẹ́ kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ariwo wá parí tí wọ́n gbé iṣẹ́ mìíràn fún gbogbo wọn, àwọn tó mọ ìgbà tí ariwo máa ń dé àti àwọn tó ní bọ́tìnnì ló ṣe dáadáa jù. Àwọn yòókù ń ṣe àṣìṣe, wọ́n sì ń tètè juwọ́ sílẹ̀. Ariwo tí kálukú gbọ́ ò sì ju ara wọn lọ o! Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn kan mọ̀ pé ọwọ́ àwọn lè tó o. Ìdí rèé tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò fi máa ń pariwo létí ẹni ju tẹni lọ. Tẹni, èèyàn lè pa á nígbà tó bá wù ú.

Ní London náà, wọ́n rí ohun tó jọ ọ́. Láti 1967 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Whitehall, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún ọkùnrin, láti mọ ohun tó ń pa wọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò ni pé àwọn ọ̀gá àgbà, tí ẹrù ìjọba wà lọ́rùn wọn, ni àrùn ọkàn á máa pa jù. Òdìkejì ẹ̀ ni wọ́n bá. Mẹ́séńjà àti àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló ń kú jù. Sìgá àti ẹ̀jẹ̀ ríru kó ipa níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ tán. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Marmot àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wá ṣe ìwádìí kejì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1985, wọ́n rí i pé ẹni tí kò lẹ́nu nínú bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ ni àrùn ọkàn ń bá fínra ju ẹni tó lẹ́nu níbẹ̀ lọ. Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ò bá tíì tẹ èkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹ̀. Ẹni tí kò lè bèèrè, inú ló ń gbé e sí. Inú tó ń gbé e sí yẹn sì ní ibi tó ń kún dé.

Ilẹ̀ Lẹ́kì fúnra ẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí ju London lọ. Kó tó di pé àwọn ilé alárà tó wà níbẹ̀ báyìí dé, Màrókò ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island. Lóṣù keje ọdún 1990, nígbà tí Raji Rasaki ń ṣe gómìnà ológun l'Ékòó, wọ́n fún àwọn ará Màrókò ní ọjọ́ méje péré pé kí wọ́n kó ẹrù wọn. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, katapílà dé pẹ̀lú sójà àti ọlọ́pàá. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún èèyàn ni wọ́n ní ó di aláìnílé. Wọ́n kó díẹ̀ lára àwọn onílé lọ sí àwọn ilé ìjọba ní Ilasan àti Ikota, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ò tíì parí. Ọ̀pọ̀ jù lọ ò rí nǹkan kan gbà. Ẹni tó sùn sílé ara ẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, tó wá ń sùn síta lọ́sẹ̀ kejì, kò sí iṣẹ́ tó ṣe jù tó fi ń gbọ̀n. Ohun tó ṣe é ni pé àwọn kan jókòó síbì kan, wọ́n pinnu ayé ẹ̀ láìsí òun níbẹ̀. Ìrántí ọ̀hún ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ àgbègbè yẹn. Bí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri lónìí, àyà ẹni tí kò tiẹ̀ sí láyé ní 1990 a máa já.

Ṣé wọ́n wá lè wọn másùnmáwo bí wọ́n ṣe ń wọn gàrí? Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀. Ní 1967, dókítà méjì l'Amẹ́ríkà, Thomas Holmes àti Richard Rahe, to ohun mẹ́tàlélógójì tó ń ṣẹlẹ̀ sí èèyàn, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Ikú ọkọ tàbí aya gba 100. Ìkọ̀sílẹ̀ gba 73. Kí wọ́n lé èèyàn níṣẹ́ gba 47. Ohun ayọ̀ náà ní máàkì: ìgbéyàwó gba 50, ọdún Kérésì gba 12. Ẹni tí tiẹ̀ bá lé ní 300 láàárín ọdún kan, wọ́n ní àìsàn ò jìnnà sí i. Ìwé náà wúlò, nítorí ó jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé ìyípadà èyíkéyìí ló ń ná ara lówó. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó mọ. Kíkó kúrò nílé kan sí òmíràn, 20 péré ni wọ́n fún un. Ta ló máa wá fún ará Màrókò ní 20? Kò síbi tí wọ́n kọ katapílà sí nínú ìwé yẹn, kò síbi tí wọ́n kọ ọmọ onílẹ̀ sí. Yàtọ̀ sí èyí, ohun kan náà lè ṣe èèyàn méjì kó má dọ́gba lára wọn. Ní 1984, Richard Lazarus àti Susan Folkman ṣàlàyé ẹ̀ pé ìbéèrè méjì ni ọkàn ń bi ara ẹ̀ bí nǹkan bá dé: ṣé ewu ni èyí? Ṣé ohun tí mo ní lọ́wọ́ tó o kojú? Ẹni tí ìdáhùn kejì ẹ̀ bá jẹ́ "kò tó o", òun ni másùnmáwo máa ń gùn.

Ìdí nìyẹn tí òṣùwọ̀n tí Sheldon Cohen àti àwọn méjì mìíràn gbé jáde ní 1983 fi gba ọ̀nà mìíràn. Òun kì í ka ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ló ń bi. Ìbéèrè mẹ́rìnlá ni nígbà yẹn, mẹ́wàá ni èyí tí wọ́n ń lò jù báyìí, máàkì ẹ̀ sì ń lọ láti òdo dé ogójì. Lára ohun tó ń bèèrè ni pé, láàárín oṣù kan sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀melòó ló ṣe èèyàn bíi pé àwọn nǹkan pàtàkì ayé ẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ìṣòro ga débi tó fi rò pé apá òun ò ká a mọ́? Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó tó o tàbí tí kò tó o náà ni, kò yí padà.

Ara náà ní ìwé tiẹ̀. Wọ́n lè fi itọ́ wo kọ́tísọ́ọ̀lù. Èyí tó rọrùn jù fún tálákà ni ẹ̀jẹ̀ wíwọ̀n. Bí ẹ̀rọ bá ń pe 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n, ẹ̀jẹ̀ ti ń ru nìyẹn, kó lọ rí dókítà. Másùnmáwo nìkan kọ́ ló ń fà á o. Iyọ̀, ara sísanjù àti ìdílé tí èèyàn ti wá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sùn tó, tó ń jẹun láago mọ́kànlá òru, tí àyà ẹ̀ sì ń já lójoojúmọ́, ó ń bu epo síná ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí. Kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1960, dókítà ọmọ Kánádà kan, Raymond Prince, tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aró l'Ábẹ́òkúta, kọ̀wé lórí àìsàn tó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Orí wọn ń gbóná, ó ń ṣe wọ́n bíi pé nǹkan ń rìn nínú ẹ̀, ojú ń dùn wọ́n, wọ́n á ka ìwé títí, kò ní í wọlé. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé gbogbo ẹbí ló dá owó ìwé wọn, ojú gbogbo ẹbí sì wà lára wọn. Ẹrù ẹbí ló wà lórí wọn, wọ́n wá ń sọ pé orí ló ń fọ́ àwọn.

Ní Aró yìí kan náà ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti ṣe ohun tí gbogbo ayé wá wò. Láti 1954, dípò kó ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú wọ́ọ̀dù, ó ní kí wọ́n máa gbé nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ìbátan kan wà pẹ̀lú ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa jẹun níbẹ̀, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí dókítà sì máa tọ́jú wọn. Àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá jà ni Lambo ń tọ́jú, ti òṣìṣẹ́ Ajah ò tíì débẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò yàtọ̀ ṣá: èèyàn laṣọ, ẹni tó ní alábàárù, ẹrù ẹ̀ á fúyẹ́.

Ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ wá ń ta sí i l'Ájah ńkọ́? Àwọn ọkùnrin kan á bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n á yà sídìí páráàgà. Ọtí á mú oorun wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n oorun tí kò dọ́gba ni, aago méjì òru ni ojú ẹni náà máa là kedere. Àwọn mìíràn, ọmọ ni wọ́n ń lù. Àwọn kan á dákẹ́, wọ́n á máa tẹ fóònù títí di ọ̀gànjọ́. Gbogbo ẹ̀ ò sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n kàn ń yí i láti èjìká kan sí òmíràn ni.

Ohun tó ń sọ ọ́ kalẹ̀ ò le bí èèyàn ṣe rò. Èkíní, kéèyàn ya ohun tọ́wọ́ ẹ̀ tó sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò tó. Apá Ìyá Ìbejì ò ká sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ṣùgbọ́n ó lè lọ bá ọ̀gá ẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti máa ń débí láago mẹ́fà ààbọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láago méje, kí n lè máa lọ láago mẹ́rin." Òun àti obìnrin mẹ́ta tó ń gbé ọ̀nà kan náà lè dá owó epo jọ, kí wọ́n máa bá ẹnì kan tó ní mọ́tò lọ, kí wọ́n mọ aago tí wọ́n ń jáde. Owó ilé tó ń bà á lẹ́rù lóṣù kejìlá, ó lè fi àjọ kó o látoṣù kìíní. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bọ́tìnnì ọjọ́sí nìyẹn: bí kò tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, pé ó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti tó nǹkan.

Èkejì, ara gbọ́dọ̀ rí àkókò tí kò múra ìjà. Nínú dáńfó náà, kéèyàn mí símú kó ka ení dé ẹẹ́rin, kó wá mí síta kó ka ení dé ẹẹ́fà, kó ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún, àyà á wálẹ̀. Kó fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kó fún oorun ní wákàtí tiẹ̀, kó sì jẹ́ kí fóònù sùn síta yàrá. Ẹ̀kẹta, kó sọ ọ́. Bàbá Ìbejì àti ìyàwó ẹ̀ lè jọ fẹnu kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ tó bá dé, kò sí ìbéèrè, kó wẹ̀, kó jókòó, kí ọkọ gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá sọ̀rọ̀. Àìsọ̀rọ̀ ni ìpìlẹ̀ṣẹ̀ orí burúkú. Bó bá sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí oorun ti dá lójú, tí oúnjẹ ò lọ mọ́, tàbí tí èèyàn ń rò pé ikú yá ju ayé lọ, ọ̀rọ̀ ti kọjá èémí mímí. Kó lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn Yábàá ti wà látọdún 1907, kì í ṣe àwọn tó ń já aṣọ nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Lóṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin wèrè ayé àtijọ́ táwọn òyìnbó fi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwà ìrẹ́jẹ ni kí gbogbo ìmọ̀ràn máa lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rù nìkan, kí ẹnikẹ́ni má bá ẹni tó ń di ẹrù sọ̀rọ̀. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá ń ṣe wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán wákàtí kan ìsinmi láàárín ẹ̀, àti pé lẹ́yìn ọdún kan, ó ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ mẹ́fà ìsinmi ó kéré tán pẹ̀lú owó ẹ̀ lódindi. Mélòó nínú àwọn ọ̀gá ló ń rántí? Òfin ilé gbígbé tí ìjọba Èkó ṣe lọ́dún 2011, tó kan Ajah, ló sọ pé onílé ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Mélòó nínú àwọn onílé ló ń tẹ̀ lé e? Ìjọba tó fẹ́ wó ibì kan, tàbí tó fẹ́ dí ọ̀nà kan láti tún un ṣe, bó bá sọ ọ́ ṣáájú, tó sì bá àwọn tọ́rọ̀ kàn jókòó, ìdajì ìyà náà ti kúrò nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ara kì í ṣe òkúta. Ará Ajah ò ní kí wọ́n má gbé ẹrù lé òun, Èkó ti kọ́ ọ ní rírù. Ohun tó ń fẹ́ ò ju pé kí ẹni tó ń gbé ẹrù lé e lórí kọ́kọ́ bi í léèrè bí ọrùn ẹ̀ ṣe rí.